Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Wọn Ẹjọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń gbèrò. Àwọn kan nínú yín ń kọ́ òfin ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti ní yunifásítì Olóyè Afẹ́ Babalọlá, àwọn kan ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Pólì Adó-Èkìtì, ẹ sì ti pawọ́ pọ̀ láti ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa ka ìwé ẹjọ́ tuntun, tí yóò sì sọ fún akọ̀wé kóòtù pé èyí rọrùn, èyí lọ́jú pọ̀ díẹ̀, èyí yóò gba adájọ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Machine learning ni ẹ ń pe irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kó ẹjọ́ àtijọ́ síwájú ẹ̀rọ, ẹ ó sọ èyí tó le àti èyí tó dẹ̀ fún un, òun náà ó wá máa fi ohun tó ti rí mọ ohun tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí yọrí. Nídìí fáìlì kóòtù ni mo ti lo ìgbà iṣẹ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí àìwọn ẹjọ́ ń ṣe fún ènìyàn. Ìyá àgbà kan lè wọ mọ́tò láti Ìgèdè kí ilẹ̀ tó mọ́, kó bọ́ sílẹ̀ ní Fájuyì ní Adó, kó gun ọ̀kadà dé kóòtù nítorí gbèsè kékeré tí ẹnì kan jẹ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé ètò ẹjọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà kejìlá. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà ní nọ́ńbà kẹta ni yóò gba gbogbo ọjọ́. Nígbà tó bá di aago méjì ọ̀sán, wọn yóò sọ fún ìyá náà pé kó padà wá ní oṣù tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún un. Wọ́n kàn to ẹjọ́ méjìlá sórí ìwé kan bí ẹni pé ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn mi.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ìròyìn tí ẹ ń kà nípa ẹ̀rọ àti òfin dá lé orí ẹ̀rọ tó ń sọ ẹni tí yóò jàre. Ní 2016, àwọn onímọ̀ láti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fi ẹjọ́ 584 ti Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù kọ́ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà sì mọ èsì ẹjọ́ 79 nínú 100. Ayé gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fún un kà: ìtàn ẹjọ́ náà ni, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sínú ìdájọ́. Ẹni tó ti mọ ibi tí òun fẹ́ gúnlẹ̀ sí ló kọ ìtàn yẹn. Akọ̀wé kóòtù tiwa kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹjọ́ wá. Ohun tó ní ni ìwé ẹ̀sùn, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí wọ́n búra lé, ẹ̀dà àwọn ìwé tí olùpẹjọ́ fẹ́ gbára lé, àti èsì olùjẹ́jọ́ bí òun náà bá ti dáhùn. Ìyẹn nìkan ni kí ẹ fi kọ́ ẹ̀rọ yín. Bí ẹ bá yọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mọ́ ọn, yóò ṣe dáadáa lórí tábìlì yín, yóò sì dójú tì yín ní kóòtù.

Ìdíjú ẹjọ́ ni tiyín, kì í ṣe ẹni tí yóò borí. Ìbéèrè náà ni pé mélòó nínú àkókò adájọ́ ni ẹjọ́ yìí yóò gbà, irú kóòtù wo ló sì yẹ kó gbọ́ ọ. Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní 1999, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ọ̀nà mẹ́ta fún ẹjọ́ aráàlú: ọ̀nà kan fún ẹjọ́ owó kékeré, ọ̀kan fún ẹjọ́ tó lè yára parí, ọ̀kan fún ẹjọ́ tó lọ́jú pọ̀. Adájọ́ ló ń wo ìwé, tó sì ń darí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fi òǹkà sára irú ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn jẹ́ 1. Nínú òǹkà tí wọ́n gbé jáde ní 2004, ẹjọ́ ẹni tí wọ́n ti dá ikú fún, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ẹjọ́ òun yẹ̀ wò, ju 12 lọ; ẹjọ́ gbígba owó tí ìjọba san lé padà kò sì ju ìdá mẹ́wàá ọ̀kan. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Bràsíìlì àti Yunifásítì Brasília gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Victor dìde ní 2018, láti máa ka ìwé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá lé. Ẹ rí i pé kò sí èyí tó ń dá ẹnikẹ́ni láre nínú gbogbo wọn. Iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ akọ̀wé sì tóbi tó.

2. Ẹ má ṣe fi iye ọdún tí ẹjọ́ lò ṣe òṣùwọ̀n ìdíjú rẹ̀.

Ibí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ yín yóò ti yọ̀, torí pé ọjọ́ ló rọrùn jù láti kó jọ. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹjọ́ wá wà lára fáìlì, ọjọ́ tí wọ́n dá a wà níbẹ̀. Ẹ ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ ó ní èyí tó pẹ́ jù ló díjú jù. Ẹ dúró ná.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2021, JUSUN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́, gùn lé ìyanṣẹ́lódì jákèjádò Nàìjíríà. Wọ́n ní kí owó ilé-ẹjọ́ máa dé ọwọ́ ilé-ẹjọ́ tààrà. Ó lé ní oṣù méjì tí géètì kóòtù wà ní títì. Lọ́dún tó ṣáájú, kòrónà ti kọ́kọ́ lé gbogbo wa wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, àwọn jàǹdùkú ya wọ ọgbà ilé-ẹjọ́ ní Adó níbí, wọ́n lu adájọ́, iṣẹ́ sì dúró. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìtàn ìlú yìí yóò rí i pé gbogbo ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ nígbà náà pẹ́. Ẹjọ́ gbèsè tí kò ní ju ìwé ìyáwó kan àti ẹlẹ́rìí méjì lọ yóò wá dọ́gba pẹ̀lú ẹjọ́ oyè lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, yóò máa kọ́ àṣìkọ́.

Àwọn ohun tí kì í dé inú ìwé ìròyìn náà wà. Wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ìlú mìíràn, ẹni tó gba ipò rẹ̀ sì ní láti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láti orí. Bélíìfù lọ nígbà mẹ́ta kò bá olùjẹ́jọ́ nílé. Lọ́yà kọ lẹ́tà pé òun wà ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó jẹ gbèsè mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á gùn kí ara lè su ẹni tó yá a lówó. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó jẹ́ ìdíjú. Bí ẹ bá fẹ́ lo ọjọ́, ẹ kọ ìdí tí wọ́n fi sún ẹjọ́ síwájú ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ ìfàgùn kúrò, kí ẹ wá ka ọjọ́ tí adájọ́ jókòó gbọ́ ẹ̀rí ní tòótọ́. Wàhálà ni, mo mọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe wàhálà yìí, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ẹjọ́ ẹbí kan tí wọ́n ń pè ní Ariori àti Elemo dé kóòtù ní Èkó ní 1960. Ní 1983, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ní kí wọ́n lọ tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé adájọ́ tó gbọ́ ọ pẹ́ jù kó tó dájọ́, ìrísí àwọn ẹlẹ́rìí ti kúrò lójú rẹ̀. Apá kan ọdún mẹ́tàlélógún yẹn jẹ́ ti ìdíjú, apá kan jẹ́ ti ìjáfara. Ẹ̀rọ kò lè pín wọn níyà bí ẹ kò bá kọ́kọ́ pín wọn fún un.

Ẹ tún wo ẹjọ́ ìbò gómìnà tiwa. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2007 ni wọ́n dìbò. Káyọ̀dé Fáyẹmí gbé Ṣẹ́gun Ọ̀ní, ẹni tí wọ́n kéde pé ó wọlé, lọ sí tìrìbúnà, ilé-ẹjọ́ ìbò. Ní oṣù Kejì 2009, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n lọ tún ìbò dì ní ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 16 tó wà ní Èkìtì. Wọ́n tún un dì, wọ́n tún padà sí tìrìbúnà, àwọn adájọ́ márùn-ún pín sí mẹ́ta àti méjì ní oṣù Karùn-ún 2010. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2010 ni kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin tó parí rẹ̀, tí wọ́n ní Fáyẹmí ló wọlé. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ gbáko. Nígbà tí wọ́n wá tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, wọ́n fún tìrìbúnà ní 180 ọjọ́ láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n fún kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 60. Ẹjọ́ yìí gan-an, bó bá jẹ́ lábẹ́ òfin tuntun ni, kò ní lè kọjá gbèdéke yẹn. Ṣé ìdíjú rẹ̀ ì bá dín kù ni? Ìwé ìbò ì bá ṣì pọ̀ bó ṣe pọ̀, ẹlẹ́rìí ì bá pọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ló ká ọjọ́ kò. Ẹ̀rọ tó bá ń wo ọjọ́ nìkan yóò ní ẹjọ́ ìbò ti rọrùn ní Nàìjíríà láti 2011. Ẹ bi àwọn lọ́yà tó ń kọ ìwé mọ́jú nínú 180 ọjọ́ náà bóyá ó rọrùn.

3. Ẹ kíyè sí fáìlì tínrín.

Ẹ mú fáìlì ẹjọ́ ilẹ̀ kan láti agbègbè wa. Orúkọ ẹni méjì ló wà lára páálí rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ olùpẹjọ́, wọ́n kọ ọ́ pé ó ń pẹjọ́ fún ara rẹ̀ àti ní orúkọ ẹbí rẹ̀. Bákan náà ni ti olùjẹ́jọ́. Ẹ̀rọ yóò ka ènìyàn méjì, yóò ní ẹjọ́ kékeré nìyí. Bẹ́ẹ̀, ẹbí kan ṣoṣo lè ní ojúlé mẹ́rin, kí ọmọ wọn tàn dé Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, kí ojúlé kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má sì fọwọ́ sí ẹjọ́ náà rárá. Ní ọdún kejì, ojúlé yẹn yóò gba lọ́yà tirẹ̀, yóò wá bẹ kóòtù pé kí wọ́n fi òun kún un. Ní ọdún kẹta, olórí ẹbí yóò kú. Wọn yóò fi gègé pupa fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀ lára páálí, wọn yóò kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sókè, tóóró, torí pé àyè kò tó. Mo ti rí páálí tí orúkọ mẹ́ta wà lórí ara wọn bẹ́ẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. Gbólóhùn kékeré yẹn, “ní orúkọ ẹbí”, ni kí ẹ kọ́ ẹ̀rọ láti kọ́kọ́ wá.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ mọ ohun tó ń mú ẹjọ́ ilẹ̀ le. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba tó wá láti Wàrí, ilé-ẹjọ́ tó ga jù sọ ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, ìwà onílẹ̀ tó ti ń hù lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, dídi ilẹ̀ náà mú àti jíjẹ èrè rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé ka ìwé àti pẹ́lẹ́ẹ̀nì sọ̀fíyọ̀ nìkan, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè parí rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn bá wá. Ẹjọ́ tí àgbà méjì ti dúró, tí ọ̀kan ní baba ńlá òun ló kọ́kọ́ fi àdá la igbó náà, tí èkejì ní àwọn ló fún baba ńlá yẹn ní ibi tó dá oko sí, ìyẹn ni ẹjọ́. Láti 1957, nígbà tí ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie ti ilẹ̀ Gold Coast, tó di Gánà, dé iwájú àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlànà ti wà pé kí adájọ́ má ṣe torí pé ẹnì kan mọ ọ̀rọ̀ sọ kó gba ìtàn tirẹ̀. Kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú ń rí: ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó gbin kòkó, ta ló fi àlejò sórí ilẹ̀, ta ló sin òkú síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tún ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀, pèrègún kan láàárín oko méjì sì lè gba odindi ọ̀sán.

Nítorí náà, ẹ má ka iye ojú ìwé. Ẹ bi ẹ̀rọ bóyá ó lè mọ̀ pé ìtàn méjèèjì tako ara wọn láti orísun, tàbí pé wọ́n gbà fún ara wọn lórí orísun, tí wọ́n kàn ń jà lórí ààlà. Bó bá lè ya méjì yìí sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, ó ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé tuntun kò lè ṣe. Ẹjọ́ oyè náà bẹ́ẹ̀: kí ó wo iye ìdílé tó ń du àpèrè, kí ó wo bóyá wọ́n ń jà lórí ìwé ìkéde oyè tí ìjọba kọ lábẹ́ òfin àwọn olóyè ti 1957, tàbí wọ́n gbà á, tí wọ́n kàn ń sọ pé ẹni tí wọ́n yàn kọ́ ló kàn.

4. Ẹ lọ jókòó sí kóòtù kí ẹ tó kọ ìlà kan nínú ètò yín.

Àgádágodo kò sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló láṣẹ láti wọlé. Ẹ ó rí adájọ́ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ. Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í bi ìbéèrè kejì títí gègé adájọ́ yóò fi dúró. Ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ ní èdè Èkìtì, ògbufọ̀ gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ kọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lè bá. Ìwé tí ẹ ó fi kọ́ ẹ̀rọ ni ìyẹn, bí ẹ bá rí i gbà. Ẹ̀rọ tó ń ka ìwé títẹ̀ kò mọ ọwọ́ adájọ́ kà, ẹ ó sì ní láti wá ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ sì bi àwọn akọ̀wé àgbà. Akọ̀wé tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lè gbé fáìlì tuntun lọ́wọ́, kó wo orúkọ ìlú, orúkọ lọ́yà méjèèjì àti ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kó sì sọ fún yín bí yóò ṣe rí. Ẹ kọ ohun tó ń wò sílẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́.

5. Ìwé ìròyìn òfin kọ́ ni gbogbo ẹjọ́.

Ohun tí ọwọ́ yín yóò kọ́kọ́ tó ni ìdájọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Gàní Fáwẹ̀hínmi bẹ̀rẹ̀ Nigerian Weekly Law Reports ní 1985, iṣẹ́ tí gbogbo lọ́yà orílẹ̀-èdè yìí ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní. LawPavilion ti kó irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọpẹ́ yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó dé ibẹ̀ ni ẹjọ́ tó gun àkàsọ̀ dé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tàbí ilé-ẹjọ́ tó ga jù. Ẹjọ́ tí wọ́n parí ní májísíréètì, èyí tí tọkọtaya gbé lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, èyí tí àwọn méjèèjì lọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ nílé kí ìdájọ́ tó dé, kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn tó gun òkè nìkan, yóò máa rí ìjà ńlá níbi tí kò sí, kò sì ní mọ bí ẹjọ́ ṣe ń parí ní ìrọ̀rùn. Ẹ lọ bẹ kóòtù pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí fáìlì tí wọ́n ti pa dé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè lẹ́jọ́ mọ́.

6. Ẹjọ́ tó rọrùn kì í ṣe ẹjọ́ tí kò já mọ́ nǹkan.

Èyí ló ká mi lára jù. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ òǹkà mọ́ ẹjọ́, ẹnì kan yóò wà tí yóò fi òǹkà kékeré ṣe àwáwí láti ti ẹjọ́ tálákà sẹ́yìn. Gbèsè ìyá ará Ìgèdè yẹn lè jẹ́ ìdajì ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yín. Owó ọjà rẹ̀ ni. Ẹ kọ́ ẹ̀rọ yín kí òǹkà kékeré túmọ̀ sí pé kí wọ́n tètè gbọ́ ọ, ní àárọ̀, kí ó lè padà sílé. Ohun tí Èkó ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n dá kóòtù ẹjọ́ owó kékeré sílẹ̀ ní 2018, tí wọ́n ní kí ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ parí láàárín 60 ọjọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò yín ní kedere, kí ẹ má fi sílẹ̀ fún inú rere ẹni tí yóò lò ó.

Ẹ má sì ṣe ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí inú rẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, adájọ́ kan wo òǹkà tí ẹ̀rọ COMPAS, èyí tó ń díwọ̀n bóyá ẹnì kan yóò tún dá ọ̀ràn, fún ọ̀daràn kan kó tó rán an lẹ́wọ̀n. Ẹni náà béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò òun, ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ní àṣírí òwò àwọn ni. Ní 2016, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà gbà pé wọ́n lè lò ó, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àwọn baba wa ti pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá ní àgbà òṣìkà. Ẹ̀rọ tó ń wọn ẹjọ́ ènìyàn láìjẹ́ kó mọ ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí i. Lọ́yà ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ lè béèrè ìdí tí ẹ fi fún ẹjọ́ oníbàárà rẹ̀ ní òǹkà tó ní, kí akọ̀wé sì lè fi èdè tó yé ènìyàn dá a lóhùn: ẹbí mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ẹlẹ́rìí mọ́kànlá, ìtàn méjì tó tako ara wọn. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè sọ ìyẹn, mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ lo èyí tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ṣàṣìṣe díẹ̀ sí i.

7. Ẹ ro ti adájọ́ pẹ̀lú.

Àjọ NJC, tó ń bójú tó àwọn adájọ́ Nàìjíríà, ń gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn adájọ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lórí iye ẹjọ́ tó wà níwájú wọn àti iye tí wọ́n ti dá. Bí iye ẹjọ́ lásán bá ni wọ́n ń wò, adájọ́ tó lo oṣù mẹ́ta náà lórí ẹjọ́ oyè kan yóò dà bí ọ̀lẹ níwájú ẹni tó parí ẹjọ́ gbèsè mẹ́wàá. Ìwọ̀n yín lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n idà kan náà lè yí ojú padà. Ẹlòmíràn yóò fẹ́ kí ẹ bá òun ṣírò adájọ́ tó máa ń dá irú ẹjọ́ báyìí fún irú ẹni báyìí, kí ó lè máa wá ọ̀nà tí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́. Ilẹ̀ Faransé rí ewu yìí, wọ́n sì ṣe òfin ní oṣù Kẹta 2019 pé ẹni tó bá fi orúkọ adájọ́ ṣírò ìṣe rẹ̀ láti máa sọ ohun tí yóò ṣe lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Àwa kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe bí ẹni pé a ní in: ẹ yọ orúkọ adájọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ ń kà.

8. Ẹ̀rọ tó ń hun ọ̀rọ̀ kọ́ ni ẹ̀rọ tó ń wọn ẹjọ́.

Ní 2023, àwọn lọ́yà kan ní New York kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ChatGPT hun fún wọn, lọ síwájú adájọ́ nínú ẹjọ́ Mata àti Avianca. Wọ́n san ìtanràn 5,000 dọ́là. Bí ẹ bá fẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá yín ké ìwé gígùn kúrú, ẹ rí i pé ènìyàn ka ìwé gígùn náà.

9. Ẹ pa àṣírí mọ́.

Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Ẹjọ́ ọmọdé, ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, kò gbọdọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń gbé kiri àdúgbò Òkè-Ìyìnmi àti Ajílòsùn. Orúkọ ènìyàn gbọ́dọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó kúrò ní ọgbà kóòtù.

10. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kí ẹ sì dákẹ́ fún ọdún kan.

Ẹ yan kóòtù kan àti irú ẹjọ́ kan. Ẹ gba ọgọ́rùn-ún fáìlì tí wọ́n ti parí. Kí ẹni méjì nínú yín fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní òǹkà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìwo ti ara wọn. Níbi tí òǹkà wọn bá ti jìnnà síra, ẹ gbé fáìlì náà lọ bá akọ̀wé tó mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe ro òǹkà méjèèjì pọ̀ kí ẹ kọ ìdajì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́ ẹ̀rọ tán, ẹ jẹ́ kó máa wọn gbogbo ẹjọ́ tuntun tó bá wọlé fún ọdún kan, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òǹkà rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Kí akọ̀wé náà kọ òǹkà tirẹ̀ sínú ìwé lọ́jọ́ kan náà, kó tì í mọ́lé. Nígbà tí ọdún bá yí po, ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹjọ́ náà jẹ́ ní tòótọ́. Bí ti ẹ̀rọ bá dára jù, ẹ lọ bá Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́. Bí ti akọ̀wé bá dára jù, ẹ padà lọ jókòó tì í, kí ẹ bi í ní fáìlì kan tẹ̀lé òmíràn ohun tó rí tí ẹ̀rọ yín kò rí.